Ìwé Tí Kò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

Mountain View, Kalifọ́níà
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì, ọdún 2012

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé etí ọ̀tún yín ò tíì gbọ́ràn síbẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ máa ní fèrè ọkọ̀ ojú irin ló jẹ ẹ́ tán, kò sì ní padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín dípò kí n máa pariwo lórí fóònù kí gbogbo àwọn tá a jọ ń gbélé máa yọjú. Àbúrò Ofelia tó ń wa bọ́ọ̀sì láti ibí lọ sí Sonora lọ́dọ̀ yín ló máa mú un wá. Ofelia ni ìyá tó ń bu oúnjẹ fún wa níbi iṣẹ́, ọmọ Guaymas ni. Òun nìkan ló máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn lóòótọ́.

Ẹ tún béèrè ohun tí mò ń ṣe gan-an tí wọ́n fi ń sanwó fún mi. Mo ṣàlàyé rẹ̀ nígbà Kérésìmesì, ẹ sùn lọ lórí àga. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i: èèyàn á tẹ ìbéèrè sínú kọ̀ǹpútà, ilé iṣẹ́ wa á sì wá èsì rẹ̀ káàkiri ayé kó tó ṣẹ́jú. Iṣẹ́ tèmi àti àwọn mẹ́jọ yòókù nínú ẹgbẹ́ wa ni kí èsì náà yá ju ti àná lọ. Ohun tó fa ìkánjú ni pé a ní orogún. Ilé iṣẹ́ mìíràn kan ń ṣe irú iṣẹ́ tí à ń ṣe, wọ́n sì ti kéde pé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, àwọn máa gbé tuntun jáde tó máa yá ju tiwa lọ. Nígbà tí Anders ọ̀gá wa gbọ́, ó kọ "Ọjọ́rú" gàdàgbà sára pátákó. Ó sì ń tọ́ka sí i ní gbogbo ìpàdé.

Ẹ máa fẹ́ràn bí a ṣe ń gbé nǹkan jáde, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ rélùwéè. A kì í tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún la kọ́kọ́ máa ń fún, a ó sì ṣọ́ ọ fún odidi ọjọ́ kan. Tí nǹkan kan ò bá bàjẹ́, a ó fún ẹni mẹ́wàá, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ rẹ wò kó fọwọ́ sí i. Èmi àti Tamsin tó dé ní oṣù Kìíní la jọ ń yẹ iṣẹ́ ara wa wò. Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ bíi ti ọlọ́pàá ojú títì, ṣùgbọ́n ó lójú àánú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba coyota, àkàrà oníṣúgà wa, lọ́wọ́ Chayo oníṣọ́ọ̀bù, èyí tí ṣúgà inú rẹ̀ ti jóná díẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo oúnjẹ níbí, kò sì sí ẹni tó mọ coyota ṣe.

Nereida yín


Estación Carrizo, Sonora, Mẹ́síkò
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, ọdún 2012

Nereida ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara mi le, orúnkún òsì nìkan ló ń ṣe bí ọ̀gá. Coyota méjìlá wà nínú páálí yìí. Chayo ní kí n sọ fún ẹ pé òun ò gbowó, ṣùgbọ́n òun ò gbàgbé pé o wá sílé nígbà Kérésìmesì láì yà kí òun. Èmi náà ò gbàgbé pé ọjọ́ mẹ́rin péré lo lò.

Ọ̀rọ̀ orogún yẹn ò dùn mọ́ mi nínú. Àwa náà ní orogún nígbà tiwa, tírélà ni. Nígbà tí àwọn ọ̀gá rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í lé tírélà, inú ọ́fíìsì ni wọ́n jókòó sí, àwa la sáré. Ẹni tó ń sáré nítorí ẹlòmíràn kì í wo ibi tí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ń tẹ̀. Ètò ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún yẹn dára. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ ti rí ìjàǹbá rí. Má ṣe jẹ́ kí pátákó kankan yí ọ lọ́kàn padà.

Chayo tún ní ẹ máa ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì níbi iṣẹ́, tí ọ̀gá á sì dúró máa wò yín. Sọ fún mi bóyá òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ òótọ́, mi ò ní sọ ọ́ níwájú àwọn tá a jọ fẹ̀yìn tì.

Bàbá rẹ,
Fidencio


Mountain View
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì, ọdún 2012

Bàbá mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ẹ kú ilé. Mo rí coyota gbà, mi ò tíì lè fẹnu kàn án.

Ní Ọjọ́rú, mo ba gbogbo nǹkan jẹ́. Iṣẹ́ ò parí títí di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Anders sì ní kò sí àyè fún odidi ọjọ́ kan láti fi ṣọ́ ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, wákàtí kan tó. Kí n lè yára, mo ti kọ ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn sílẹ̀ ṣáájú, mo sì tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo pe Tamsin kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń jẹun lọ́wọ́. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú ló fi wò ó, ó fọwọ́ sí i, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ni mo tẹ̀. Dípò ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo ọgọ́rùn-ún ni.

Fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa, níbikíbi láyé, ojú ewé funfun ló rí. Dókítà tó ń wá orúkọ oògùn, ẹni tó ń wá ọ̀nà ibi ìgbéyàwó ara rẹ̀, gbogbo wọn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, orogún wa ti kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé pé, "Àwa wà nílé o, ẹ yà kí wa." Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti wá ní kí n kọ ìwé ohun tó ṣẹlẹ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n sì kà á níwájú ẹnikẹ́ni nínú ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ wá gbọ́. Wọ́n ní àṣà ibí ni pé ìwé náà kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni, kì í sì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbà wọ́n gbọ́. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni wọ́n so ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ibí mọ́. Bí iṣẹ́ bá já, ìwé náà já, màá sì kó ẹrù mi. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Kí ni kí n ṣe?

Nereida


Estación Carrizo
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, ọdún 2012

Nereida,

Ju bírò tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀. Má kọ nǹkan kan.

Ta ló tàn ẹ́ pé èèyàn máa ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láì wá ọrùn tí wọ́n máa gbé e kọ́? Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ọba tibẹ̀ náà sì ní ọ̀bẹ. Ìwé tí kò bá lórúkọ, gbogbo ẹni tó bá ń kà á ló mọ orúkọ tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. O ò ní rántí Eleuterio Yocupicio, ọmọ ọdún mẹ́ta ni ẹ́ nígbà tó kó kúrò níbí. Ọ̀rẹ́ mi ni, òun ló wà nídìí bíréékì àwọn wágọ́nù, èjìká rẹ̀ lo sì máa ń gùn bí ẹṣin. Ní 1986, wágọ́nù ẹrù mẹ́fà yọ́ kúrò níbi tí a gbé wọn sí, wọ́n sì lọ kọ lu ọkọ̀ tó ń múra àtigbéra. Wọ́n ní kí Eleuterio kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀, pé kò séwu. Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Kí oṣù yẹn tó parí, ọdún mọ́kàndínlógún tó fi ṣiṣẹ́ ti di asán. Kò gba owó ìfẹ̀yìntì kankan. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé ló ń tún ṣe ní Navojoa títí dòní.

Tamsin yẹn fọwọ́ sí i, àbí kò fọwọ́ sí i? Ọmọ ibẹ̀ ni, kò nílò ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni, ọ̀la ló máa rí iṣẹ́ mìíràn. Mi ò ní kó o purọ́. Jẹ́ kí wọ́n béèrè ìbéèrè kan péré, ta ló fọwọ́ sí i, kí ìwọ sì dákẹ́. Ìdákẹ́ kì í pa èèyàn.

Dáhùn kíákíá.

Bàbá rẹ


Estación Carrizo
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta, ọdún 2012

Nereida ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí ibùdókọ̀. Àbúrò Ofelia ní kò sẹ́ni tó fún òun ní lẹ́tà. Ó tún ní wọ́n ti lé Ofelia fúnra rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọkàn mi fò lọ. Ṣé wọ́n ti lé ìwọ náà ni? Ṣé ọ̀nà lo wà? Yàrá rẹ ṣì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, mo ti kó àwọn páálí mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo tún pè ọ́ lórí fóònù lọ́dọ̀ Chayo, mo gbọ́ ohùn kan, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Bí mo bá sọ ohun tí kò yẹ nínú lẹ́tà mi, bú mi. Mo kúkú ti dàgbà kọjá ẹni tí èébú ń pa. Má ṣáà dákẹ́. Mo kọ ọ́ sí ọ pé ìdákẹ́ kì í pa èèyàn. Kò yẹ kí n kọ ọ́.

Bàbá rẹ


Mountain View
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, ọdún 2012

Bàbá mi,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí ọkàn yín lè balẹ̀: iṣẹ́ mi wà. Ìwé àṣẹ mi wà. Mo ti ń jẹun, mo sì ti ń sùn. Ẹ dá àwọn páálí yín padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Inú ló ń bí mi sí yín, mi ò sì mọ bí ọmọ ṣe ń kọ irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Ohun tó tún bí mi nínú jù ni pé mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí lẹ́tà yín dé, mo kọ ọ́ pé, "Ẹni tó yẹ iṣẹ́ náà wò kò rí àṣìṣe inú rẹ̀," mo fi àmì òpin síbẹ̀, mo jókòó. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Tamsin ló wá gbé kọfí kalẹ̀ níwájú mi. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Nereida, mo fẹ́ lọ bá Anders kí n sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ò níbi tí wọ́n máa lé mi lọ, ìwọ ni wọ́n máa lé padà sí Mẹ́síkò." Mo ní kó jókòó. Mo pa gbogbo ohun tí mo kọ rẹ́, mo sì tún un kọ bó ṣe rí gan-an: ìgbésẹ̀ méjì tí mo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wákàtí kan dípò ọjọ́ kan, oúnjẹ àárọ̀, ààbọ̀ ìṣẹ́jú.

Ó tó igba èèyàn tó wá síbi ìkàwé náà. Orúkọ ò sí níbẹ̀ lóòótọ́, "òṣìṣẹ́ kan" ni wọ́n ń pè mí. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Lorna Okamoto, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ò ju yàrá méjì lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Nígbà tó nawọ́ sókè, mo sọ lọ́kàn mi pé ó parí.

Ó ní, "Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ̀rọ wa fi gbà kí ọwọ́ kan ṣoṣo pa gbogbo ayé lẹ́nu mọ́?"

Ó tún ní, "Ta ló sì mú Ọjọ́rú? Mo wo ìwé yìí látòkè délẹ̀, mi ò rí ìdí kankan tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ Ọjọ́rú."

Anders dìde. Etí rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ni, nítorí orogún lòun ṣe mú un, kì í ṣe nítorí iṣẹ́. Wọ́n kọ ìyẹn náà sínú ìwé láì dárúkọ rẹ̀: a mú ọjọ́ nítorí ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ náà kì í gbà mọ́ kí ẹnikẹ́ni fo ìgbésẹ̀ kankan, ìbáà jẹ́ ọ̀gá àgbà. Orogún jáde ní Ọjọ́bọ̀ tiwọn, ayé yà kí wọn, ayé sì padà wálé. Tiwa jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìdí tí ọ̀bẹ fi wà níbẹ̀ ni wọ́n bi mí, Bàbá. Ìgbà tí mo jáde kúrò nínú yàrá yẹn, mo jókòó sórí koríko, mo sunkún ayọ̀ bí ẹni tí wọ́n já ìdè rẹ̀.

Ìkòkò búlúù kan wà níbí tó ti sán, orí tábìlì ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ bá kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ jù ni wọ́n máa ń gbé e sí. Ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí. Coyota yín ni mo kó sínú rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀run ni mo wà o. Káàdì funfun ló wà lọ́rùn tèmi. Pupa ni ti Ofelia, torí ilé iṣẹ́ mìíràn ló gbà á síṣẹ́ fún wa. Ọ̀sẹ̀ kan náà tí mo pa ayé lẹ́nu mọ́ ni abọ́ ọbẹ̀ kan bọ́ lọ́wọ́ Ofelia, ẹnì kan sì yọ̀ ṣubú. Kò sẹ́ni tó kọ ìwé kankan. Ọjọ́ kejì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀gá àgbà máa ń jókòó pẹ̀lú wa lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnikẹ́ni sì lè bi wọ́n ní ohunkóhun. Mo dìde, mo béèrè ìdí tí àwọn oníkáàdì pupa ò fi ní irú ìwé tí mo ní. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, àwọn ọ̀gá ní àwọn máa rò ó wò. Mi ò tíì rí ohun tí wọ́n rò. Ilé ìdáná ilé ìwé kan ni Ofelia wà báyìí, ó ṣì ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo fi bébà kan sínú àpòòwé yìí, orí ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ ìwé náà ló wà níbẹ̀. Ohun tó mú kí n fi ránṣẹ́ ni pé gbólóhùn kan nínú lẹ́tà yín ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní kí n jẹ́ kí wọ́n béèrè ìbéèrè kan péré. Mi ò rò pé èèyàn lè fọkàn ro irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láì tíì rí ibi tí wọ́n ti lò ó. Bàbá, níbo lẹ wà ní 1986, nígbà tí wágọ́nù wọ̀nyẹn yọ́ lọ?

Ọmọ yín,
Nereida


Estación Carrizo
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹrin, ọdún 2012

Nereida ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Tamsin, mo kí ìyá Okamoto yẹn lọ́tọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run pé o ò gbọ́ tèmi. Mo pẹ́ kí n tó dáhùn, torí bébà rẹ gbà mí lọ́jọ́ mẹ́sàn-án. Ohun tí mo kọ rèé.

Kí ló ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, ọdún 1986, ní aago méjì ọ̀sán ku díẹ̀, òṣìṣẹ́ kan wà tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ irin tí a fi ń ya ọkọ̀ láti ojú ọ̀nà kan sí òmíràn. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ kan kọjá, ó yẹ kó dá irin náà padà kó sì tì í. Kò ṣe é. Ó lọ gbọ́ bésíbọ́ọ̀lù lórí rédíò ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ Chayo. Wágọ́nù mẹ́fà tó kún fún tòmátì yọ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n gba ibi tí kò yẹ kó ṣí, wọ́n kọ lu ọkọ̀ tó dúró. Apá ẹnì kan kán. Òṣìṣẹ́ náà gbọ́ ariwo, ó sáré dé, ó sì ti irin náà pa kí àwọn olùwádìí tó débẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n béèrè: ta ló fọwọ́ sí i pé òun ti fún bíréékì àwọn wágọ́nù náà? Eléyìí tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dákẹ́.

Kí ló jẹ́ kó rọrùn kó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀gá ń lé tírélà. Wọ́n ní tòmátì gbọ́dọ̀ ṣíwájú tírélà dé ẹnubodè. Ẹni tó wà nídìí bíréékì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọ̀sán àná rẹ̀, kò tíì lọ sílé. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo fi mọ èyí, ìgbà tí mo kọ ọ́ ni mo tó rí i.

Níbo la ti rí àánú. Ẹnikẹ́ni ò kú. Eleuterio ò sì kú kí n tó kọ ọ́.

Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kì í ṣe irọ́ o, ìdákẹ́ ni. Kò lọ síbì kankan, àyà mi ló jókòó lé. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù yìí, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Navojoa. Mo bá Eleuterio níwájú ilé rẹ̀, ó ń fa ṣéènì kẹ̀kẹ́ kan. Mi ò lè sọ ọ́ lẹ́nu. Mo na bébà sí i.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ìka tó kún fún gírísì tọ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ó bú mi látorí dé ẹsẹ̀, ó bú kọ́kọ́rọ́, ó bú bésíbọ́ọ̀lù, ó ní kí n dìde lórí àga òun. Mo dìde. Ó ní ta ló ní kí n máa lọ? Mo jókòó. Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, mo rò pé igi ló lọ mú. Bírò ló mú wá.

Ó ní, "Fidencio, nǹkan kan ṣẹ́kù. Mẹ́rin ni mo fún bíréékì wọn. Méjì tó kù, mo ní kí n fẹ̀yìn ti igi díẹ̀ ná, oorun gbé mi lọ. Mẹ́fà ni mo sì fọwọ́ sí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò pé èmi nìkan ni. Mi ò sọ fún ìyàwó mi títí tó fi kú."

Ó kọ tirẹ̀ sábẹ́ tèmi. A jókòó síbẹ̀, àgbàlagbà méjì, à ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ṣàlàyé fún un pé irú ìwé yìí kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìyẹn dáa fún ẹ̀yin ọmọdé. Ó ní, "Ìwé àkọ́kọ́ dárúkọ, orúkọ mi nìkan ló sì wà níbẹ̀. Kọ tìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Mo kọ ọ́. Fidencio Armenta, Eleuterio Yocupicio. Ara mi fúyẹ́ nígbà tí mo rí méjèèjì pa pọ̀.

Ó wá ku orí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn: kí la máa ṣe kó má baà tún ṣẹlẹ̀? Mi ò mọ ohun tí màá kọ síbẹ̀, wọ́n ti hú ojú irin yẹn tipẹ́. Eleuterio gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ pé: "Fidencio á máa wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, á máa mú coyota dání." Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Oorun ni mo máa ń sùn nínú bọ́ọ̀sì ní àlọ àti àbọ̀, dírẹ́bà ló máa ń jí mi.

Ẹ̀dà ìwé náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Bí coyota bá ti tán nínú ìkòkò yẹn, fi í síbẹ̀.

Bàbá rẹ,
Fidencio Armenta